Páìpù Tó Kí Mínísítà

Ẹni tí ẹ̀rín kò bá wù, kó pa ìwé dé báyìí, kó lọ wá nǹkan mìíràn ṣe. Ìtàn ọkùnrin kan nìyí tí Ọlọ́run dá ní ìwọ̀n gíga ènìyàn, tí òun fúnra rẹ̀ sì fi ìyókù kún un. Ọ̀gá Òkè ni wọ́n ń pè é. Òun ni olórí ilé-iṣẹ́ tó ń tọ́jú òpó irin gíga tí rédíò gbogbo ìlú fi ń ṣiṣẹ́. Ìsàlẹ̀ òpó náà gan-an ni ọ́fíìsì rẹ̀ wà, àmọ́ bí ẹ bá gbọ́ bó ṣe ń sọ̀rọ̀, ẹ ó rò pé ṣóńṣó rẹ̀ ló ń sùn.

Ìrìn rẹ̀ nìkan tó ìran wò. Ikùn á kọ́kọ́ wọlé, ara ilé á ní sùúrù díẹ̀, ẹni tó ni ikùn á sì tẹ̀ lé e. Bó bá húkọ́, Akọ̀wé Àgbà á ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́, sà. Ikọ́ yẹn jinlẹ̀." Bó bá sín, Akápò á dìde dúró. Bó bá fẹ́ kí wọ́n ṣí fèrèsé, á kọ́kọ́ sọ ìtàn fèrèsé láti ìgbà ìwáṣẹ̀. Nígbà tó bá fi máa débi pé ooru ń mú òun, ẹni tó yẹ kó ṣí i á ti sùn lọ.

Ohun tí Ọ̀gá Òkè ń fẹ́ láyé kò ju ẹyọ kan lọ. Òpó irin pọ̀ káàkiri orílẹ̀-èdè náà, olúkúlùkù pẹ̀lú olórí tirẹ̀. Ìjọba wá fẹ́ yan ẹnì kan tí yóò jẹ́ olórí àwọn olórí yìí. Mínísítà ni yóò yàn án, ó sì ti ránṣẹ́ pé òun ń bọ̀ wá ṣí páìpù tuntun tí wọ́n fẹ́ gbé sórí òpó Ọ̀gá Òkè. Láti ọjọ́ tí ìròyìn yẹn ti dé, ọkùnrin wa kò sùn bí ènìyàn mọ́. Bí olórí àwọn olórí ló ń sùn. Ó ń nà gbalaja, ó ń gba gbogbo bẹ́ẹ̀dì, ìyàwó rẹ̀ sì kó ìrọ̀rí lọ sórí àga.

Ẹ jẹ́ ká sọ ti páìpù náà kí ọ̀rọ̀ má baà dà rú. Páìpù irin ni, ó gùn, ó sì tẹ́ẹ́rẹ́. Wọ́n á fi ìdè irin àti bóòtì so ìsàlẹ̀ rẹ̀ mọ́ orí òpó, ìyókù á yọ sókè sí gbangba òfuurufú, kí áńténà tuntun lè jókòó sórí rẹ̀. Kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kì í ṣe iṣẹ́ tó yẹ kó mú ariwo wá.

Ẹ̀gbọ́n ló ṣe ìṣirò rẹ̀. Obìnrin náà ni àgbà onímọ̀-ẹ̀rọ ilé-iṣẹ́ yẹn, ó sì tún jẹ́ ẹ̀gbọ́n Ọ̀gá Òkè, ọmọ ìyá kan náà. Òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní kékeré, ọ̀rọ̀ tí Ọ̀gá Òkè kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni mẹ́nu bà ní ọ́fíìsì. Nílé, ó ń dọ̀bálẹ̀ kí i. Níbi iṣẹ́, ó ní kí ó máa pe òun ní "ẹ̀yin". Ẹ̀gbọ́n gbà. Ó ń pè é ní ẹ̀yin, ṣùgbọ́n bó ṣe ń pè é dà bí ìgbà tí ènìyàn ń pe ọmọ tó jí ṣúgà lá.

Ẹ̀gbọ́n tẹ́ ìwé sórí tábìlì níwájú Ọ̀gá Òkè. "Páìpù yìí lè gbé áńténà, agbára díẹ̀ á sì ṣẹ́ kù. Ìwúwo kọ́ ni mò ń bẹ̀rù. Afẹ́fẹ́ ni. Ohun tó bá fẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ń rí tì. Bó bá fi ìlọ́po méjì yára sí i, ìlọ́po mẹ́rin ni yóò fi ti nǹkan. Bí nǹkan bá sì ṣe ga kúrò lọ́dọ̀ ìdè tó, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe máa fa ìdè náà tó."

Ọ̀gá Òkè wo ìwé náà bí ẹni ń wo ọmọ àlejò tó ń fi ọwọ́ kan nǹkan. "Afẹ́fẹ́ tí ẹ kọ síbí yìí, ta ló ní kó fẹ́ tó bẹ́ẹ̀?"

"Bó ṣe ń fẹ́ nìyẹn, sà."

"Níbo?"

"Níbí."

"Lábẹ́ àkóso mi?"

Ẹ̀gbọ́n wò ó dáadáa. "Ó ti ń fẹ́ kí wọ́n tó bí yín. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n bí yín. Ó fẹ́ lọ́jọ́ náà."

Akọ̀wé Àgbà yára fi fáìlì bojú.

Ọ̀gá Òkè fi afẹ́fẹ́ sílẹ̀, ó dojú kọ páìpù. "Páìpù lásán. Mínísítà á gbójú sókè, kí ló máa rí? Irin. Ṣé irin ló ń ṣe àkóso ibí?" Kò sí ẹni tó tún lè jẹun dáadáa lọ́jọ́ náà.

Akọ̀wé Àgbà ló kọ́kọ́ sáré. Ní kùtùkùtù ọjọ́ kejì ó gbé àbá tirẹ̀ dé: àwòrán Ọ̀gá Òkè, tí wọ́n á yà sórí pátákó gbàràmù, tí wọ́n á so mọ́ páìpù náà. Ikùn nìkan gba odindi pátákó kan. Orí gba ìdajì. Akápò gbọ́, ó ta á lára. Òun náà mú ẹ̀bùn wá, àwọn sípíkà ńláńlá tí yóò máa ki Ọ̀gá Òkè láti òkè wá. Ó ku Agbẹnusọ, ẹni tó jẹ́ pé iṣẹ́ rẹ̀ ni kó máa ṣàlàyé fún àwọn oníròyìn ohun tó wà lọ́kàn Ọ̀gá Òkè lọ́jọ́ tí nǹkan kan kò sí níbẹ̀. Ó ronú títí orí fi fọ́ ọ, ó wá gbé fìlà jáde. Fìlà páànù ni, ó fẹ̀ tó òrùlé ilé adìẹ, òun ni yóò dé páìpù náà lórí kí oòrùn má baà pa àwòrán.

Ẹ wá gbọ́ àṣà kan tí wọ́n ní níbẹ̀ o, nítorí òun ló fa gbogbo ẹ̀. Ẹni tó bá mú ẹ̀bùn wá fún ọ̀gá gbọ́dọ̀ mú ìṣirò tirẹ̀ dání, ìṣirò náà kò sì gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹ̀bùn ẹlòmíràn. Àrífín gbáà ni. Ta ló fẹ́ kí ìyìn òun àti ìyìn ẹlòmíràn jọ jókòó lórí ìlà kan? Nítorí náà Akọ̀wé ní kí wọ́n ṣírò páìpù àti àwòrán, bí ẹni pé nǹkan mìíràn kò sí lókè. Páìpù gbà á. Akápò ṣírò páìpù àti sípíkà, bí ẹni pé àwòrán kò sí. Páìpù gbà á. Agbẹnusọ ṣírò páìpù àti fìlà. Páìpù tún gbà á. Gbogbo ìṣirò náà ló tọ́, kò sí èyí tó parọ́ nínú wọn. Àárín wọn ni irọ́ wà, níbi tí ẹnikẹ́ni kò kọ nǹkan sí.

Ẹ̀gbọ́n dìde nípàdé. "Ẹ jẹ́ ká ro gbogbo ẹrù yìí pọ̀."

Ọ̀gá Òkè bọ́ awò ojú rẹ̀. "Kí lẹ pè é?"

"Ẹrù, sà. Ohun tí páìpù bá ń gbé, ẹrù là ń pè é."

"Àwòrán mi ti di ẹrù?"

"Tí páìpù bá lẹ́nu, ohun tó máa sọ nìyẹn."

Níbẹ̀ ni Ọ̀gá Òkè ti pàṣẹ pé láti òní lọ, ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ pe nǹkan ní ẹrù mọ́ ní ilé-iṣẹ́ náà. Ọ̀ṣọ́ ni kí wọ́n máa pè é. Akọ̀wé kọ ọ́ sílẹ̀, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ ara ògiri, kò sì pẹ́ tí awakọ̀ tó kó símẹ́ńtì wá fi yọjú lẹ́nu ọ̀nà, tó ń béèrè ibi tí òun máa já ọ̀ṣọ́ sí.

Ẹ̀gbọ́n kò tíì jókòó. "Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká ro ọ̀ṣọ́ pọ̀. Ọkùnrin kan lè gbé àpò símẹ́ńtì. Ó lè gbé bẹ́ẹ̀dì. Ó lè gbé ìyàwó rẹ̀. Ṣé ó lè gbé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀?"

"Ó kù sọ́wọ́ irú ìyàwó," Akápò wí.

"Ó kù sọ́wọ́ irú ọkùnrin," Akọ̀wé wí, ojú rẹ̀ ń bẹ lára Ọ̀gá Òkè. "Àwọn ọkùnrin kan wà."

Ọ̀gá Òkè rẹ́rìn-ín músẹ́, bí ẹni tí wọ́n ká mọ́ ibi tó ti ń gbé bẹ́ẹ̀dì.

Agbẹnusọ wá dìde, ó tún kọ́là ẹ̀wù rẹ̀ ṣe. "Ẹ jẹ́ ká lo làákàyè. Ìṣirò Akọ̀wé sọ pé páìpù gbà á. Ti Akápò sọ pé ó gbà á. Tèmi náà sọ pé ó gbà á. Ẹ̀ẹ̀melòó nìyẹn? Ẹ̀ẹ̀mẹta. Ìṣirò tí Ẹ̀gbọ́n ṣe níbẹ̀rẹ̀ ńkọ́? Ẹ̀ẹ̀kan péré. Ẹ ò rí i pé bá a ṣe ń so nǹkan mọ́ páìpù yìí ló ń lágbára sí i?"

Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Akápò tilẹ̀ ní ẹ̀rù ń ba òun díẹ̀, àti pé kí ọkàn òun lè balẹ̀, kí wọ́n kúkú fi àsíá kan kún un. Wọ́n fi àsíá kún un. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ẹ má fi wọ́n ṣẹlẹ́yà. Irú làákàyè yìí ló ń ṣe ìjọba níbi púpọ̀, kò sì tíì sí páìpù tó pọ̀ tó láti fi kọ́ wọn lọ́gbọ́n.

Ẹ̀gbọ́n kó ìwé rẹ̀. Ó ní òun kò ní fọwọ́ sí i.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà Ọ̀gá Òkè lọ bá a nílé. Ẹ̀gbọ́n ń lọ aṣọ. Ọkùnrin náà dọ̀bálẹ̀, ikùn sì gbé e kúrò nílẹ̀ tó jẹ́ pé orí àti ẹsẹ̀ ń mì bí ọkọ̀ ojú omi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ ṣàánú mi, ẹ fọwọ́ sí i. Tí ipò yìí bá bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ayé mi bàjẹ́."

"Dìde, kí n lè rí ibi fẹsẹ̀ sí. Yọ àwòrán yẹn kúrò, màá fọwọ́ sí i níbí. Ìgbòkun ọkọ̀ ni pátákó yẹn. Bí o kò bá fẹ́ yọ ọ́, jẹ́ kí wọ́n lu ihò sí i, kí afẹ́fẹ́ máa rí ibi kọjá."

"Ihò? Níbo lára mi?"

"Ikùn ló fẹ̀ jù."

Ọ̀gá Òkè dìde, ó gbọn agbádá. "Màá fọwọ́ sí i fúnra mi."

"O mọ̀ ọ́n ṣírò ni?"

"Mo mọ orúkọ mi kọ."

Ẹ̀gbọ́n gbé áyọ́ọ̀nù sílẹ̀. Ohun tó wá gbà á lọ́kàn kì í ṣe páìpù mọ́, orí àwọn àlejò ni, nítorí ó ti gbọ́ pé abẹ́ òpó gan-an ni wọ́n fẹ́ to àga sí. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó wọ ọ́fíìsì Ọ̀gá Òkè tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Sà, ibi tí àwọn àlejò máa jókòó sí yẹn dára púpọ̀. Àmọ́ ẹni tó bá wo àwòrán yín láti abẹ́ ibẹ̀, ihò imú yín nìkan ló máa rí."

Ọ̀gá Òkè fọwọ́ kan imú. "Ihò imú?"

"Méjèèjì."

Kí ilẹ̀ tó ṣú, wọ́n ti kó gbogbo àga lọ sí òdìkejì pápá, wọ́n sì ta okùn yí ẹsẹ̀ òpó ká kí ènìyàn kankan má baà wo Ọ̀gá láti ibi tí kò yẹ. Àga kan ṣoṣo ló kù nínú okùn náà, àga onítìmùtìmù ti Ọ̀gá Òkè fúnra rẹ̀, nítorí fọ́tò. Ẹ̀gbọ́n bẹ̀ ẹ́ títí kó gbé àga náà kúrò. Ọ̀gá Òkè ní ẹni tó lórí kì í jìnnà sí fìlà rẹ̀.

Ọjọ́ pé. Mínísítà dé. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́, kì í ṣe ìjì o, afẹ́fẹ́ lásán tí àwọn ìyá fi ń gbẹ aṣọ ọmọ. Wọ́n pe Ọ̀gá Òkè sórí pèpéle níwájú àwọn àlejò, ó dìde lórí àga rẹ̀, ó rin gbogbo pápá já, ó gba gbohùngbohùn.

"Ẹ̀yin Mínísítà, ẹ̀yin àgbà, ẹ̀yin ọ̀dọ́, ẹ̀yin tí wọn kò tíì bí. Kí òpó yìí tó dúró, ta ló dúró? Èmi. Bí rédíò bá ń sọ̀rọ̀, ẹnu ta ló fi ń sọ ọ́? Èmi kò fẹ́ yin ara mi. Bí mo bá fẹ́ yin ara mi ni, ilẹ̀ á ṣú, a ò ní tíì dé ìgbà tí mo wọ ilé-ìwé. Ẹ wo òkè. Ohun tí ẹ rí yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ mi ni."

Wọ́n wo òkè. Àwòrán náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í tẹrí ba.

Irin tó dára kì í sábà ṣẹ́ lójijì. Á kọ́kọ́ tẹ̀, kó lè fún ènìyàn láyè láti sá tàbí láti parọ́. Díẹ̀díẹ̀ ni páìpù náà ń tẹ̀, tí Ọ̀gá Òkè orí pátákó ń fi ikùn síwájú bọ̀ wá bá àwọn ènìyàn.

Agbẹnusọ ló kọ́kọ́ rí ọ̀rọ̀ sọ. "Ẹ wò ó, ó ń kí Mínísítà."

Àtẹ́wọ́ bú jáde. Mínísítà dìde, inú rẹ̀ dùn dé èrìgì. "Mo ti rí òpó púpọ̀ láyé mi, n kò rí èyí tí wọ́n kọ́ lẹ́kọ̀ọ́ ilé rí. Ta ló ṣe ìṣirò rẹ̀?"

Ẹ̀gbọ́n la ẹnu, ṣùgbọ́n ẹnu Ọ̀gá Òkè ti ṣí ṣáájú. "Èmi ni, sà. Èmi nìkan. Ẹnikẹ́ni kò ràn mí lọ́wọ́."

"Ta ló fọwọ́ sí i?"

"Ọwọ́ mi yìí náà ni."

"Ó mà tún ń tẹ̀ sí i. Kò ní dìde ni?"

"Ọ̀wọ̀ tí mo ní fún yín kò lópin, sà."

Mínísítà gba gbohùngbohùn lọ́wọ́ rẹ̀. Ọ̀gá Òkè ti gbọ́ ìró ipò tuntun náà nínú etí, ó ti ń fa ikùn sínú. "Ẹ̀yin ènìyàn," Mínísítà wí, "ẹni tí mo fẹ́ fi ṣe olórí àwọn olórí ni..."

Ibẹ̀ ni afẹ́fẹ́ ti yí padà. Ìdè pátákó yọ̀ lára páìpù, Ọ̀gá Òkè orí pátákó yíjú kúrò lọ́dọ̀ àwọn àlejò, ó sì kọ ẹ̀yìn sí Mínísítà. Ó ṣeni láàánú pé pátákó àlòkù tó ti wà lára ògiri àtijọ́ kan ni Akọ̀wé lò, kò sì kun ẹ̀yìn rẹ̀. Mínísítà, tí gbohùngbohùn wà lẹ́nu rẹ̀, kà á sókè kó tó mọ ohun tó ń kà: "Ẹni tó bá tọ̀ síbí, ìyà yóò jẹ ẹ́."

Bóòtì kan já, ó dún táù. Òmíràn já. Fìlà páànù ló kọ́kọ́ lọ, ó fò kọjá odi bí ẹyẹ, ó sì bà sórí ilé adìẹ ẹnì kan, a gbọ́ pé ó bá a mu gẹ́ẹ́. Lẹ́yìn náà ni páìpù, àwòrán, sípíkà, àsíá àti áńténà wá sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, wọ́n sì jókòó sórí àga onítìmùtìmù. Ọlọ́run ṣe é, kò sí ènìyàn kankan nínú okùn. Àga náà kò ṣe é tún ṣe. Rédíò gbogbo ìlú dákẹ́. Sípíkà kan ṣoṣo tó yè ń pariwo láti inú ekuru pé, "Ọ̀gá Òkè, akọ irin tí kì í tẹ̀, Ọ̀gá Òkè, akọ irin tí kì í tẹ̀," títí ẹnì kan fi lọ fa wáyà rẹ̀ yọ.

Mínísítà yíjú sí Ọ̀gá Òkè. "Ẹ tún un sọ fún mi. Ta lẹ ní ó ṣe ìṣirò rẹ̀?"

Ọ̀gá Òkè wo ọ̀tún. Akọ̀wé ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ń so okùn bàtà, sálúbàtà ló sì wọ̀. Ó wo òsì. Akápò ń sọ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé, "Mo ti ń wí i látọjọ́ yìí pé ẹrù yẹn ti pọ̀ jù." Agbẹnusọ ti wà láàárín àwọn oníròyìn, ó ń sọ fún wọn pé òun kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ọkùnrin náà, òun rò pé àwọn tó wá gbé àga ló bá wá.

"Ẹ̀gbọ́n mi," Ọ̀gá Òkè wí. Ohùn ilé ló fi sọ ọ́.

Ẹ̀gbọ́n mí kanlẹ̀. Ó sọ òtítọ́ fún Mínísítà láti orí dé ẹsẹ̀, kò fi ibì kan pa mọ́. Ó wá fi kún un pé, "Àmọ́ ẹ má lé e lọ sílé, sà. Ìyàwó rẹ̀ kò ṣẹ ẹnikẹ́ni."

Báyìí ni ipò olórí àwọn olórí ṣe lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin kan ní ìlú mìíràn, ẹni tí a kò rí nǹkan kan lórí òpó rẹ̀ rí àfi ẹyẹ. Wọ́n gbé Ọ̀gá Òkè lọ sí ẹ̀ka tó ń gbẹ́ gọ́tà. Abẹ́ ilẹ̀ ni ọ́fíìsì tuntun náà wà, láti fèrèsé rẹ̀, ẹsẹ̀ àwọn tó ń kọjá nìkan ni ènìyàn ń rí. Ó kọ́kọ́ banú jẹ́, ó rù, ikùn àti òun bẹ̀rẹ̀ sí í jọ wọlé pọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣàánú rẹ̀ kọjá bó ṣe yẹ. Kò pẹ́ tó fi rí akọ̀wé kékeré méjì tí wọ́n gbà pé kò sẹ́ni tó mọ nǹkan jíjìn tó ọ̀gá àwọn, ó sì pàṣẹ pé kí wọ́n gbẹ́ gọ́tà tó jìn ju gbogbo gọ́tà orílẹ̀-èdè náà lọ.

Ẹ̀gbọ́n wá kí i níbẹ̀ lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Ó dúró létí kòtò náà, ó bẹ̀rẹ̀ wò ó. Ọ̀gá Òkè wà nísàlẹ̀ pátápátá, ọwọ́ ní ìbàdí, ó ń gbójú sókè bí ẹni tó ti débi tó ń lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ wo ibí. Afẹ́fẹ́ kò lè dé ọ̀dọ̀ mi mọ́ láéláé. Kí lẹ tún fẹ́ ṣírò fún mi?"

"Omi," ni Ẹ̀gbọ́n wí.

Ọ̀gá Òkè wo bàtà rẹ̀.